Òwú Títa àti Òwú Ọ̀kọ̀: Àwọ̀ àti Ọnà Lára Aṣọ Òfì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ dá aṣọ òfì fún ìnáwó lóde òní ló ń na fóònù sí ahunṣọ pé kó bá àwọn hun irú èyí tó wà nínú àwòrán, kó sì fi àwọ̀ wúrà díẹ̀ sí i. Bí aṣọ bá délé tí kò jọ àwòrán, ẹ̀bi á bọ́ sọ́rùn ahunṣọ. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ni a kì í bèèrè tó: òwú wo ni yóò gbé àwọ̀ náà? Ṣé èyí tí a ta gbọọrọ sórí òfì ni, àbí èyí tó wà nínú ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ ń jù gba àárín rẹ̀ kọjá?

Lórí òfì ọkùnrin, irú èyí tí Ìṣẹ́yìn fi gbajúmọ̀, òwú tí a ta máa ń nà gbọọrọ síwájú ahunṣọ, wọ́n á sì di ẹrù wúwo mọ́ ìparí rẹ̀ kó lè le. Àwọn òwú yìí máa ń fún mọ́ra débi pé wọ́n ń bo òwú ọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀. Ta òwú pupa, kí o fi dúdú sínú ọ̀kọ̀: pupa náà ni aṣọ yóò jẹ́, yóò kàn ṣú díẹ̀ ni. Fi funfun sínú ọ̀kọ̀, pupa yẹn á ṣá díẹ̀. Nítorí náà, àwọ̀ tí kò bá sí nínú òwú títa, ahunṣọ kò lè fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mú un jáde mọ́. Kó tó jókòó ni a ti parí ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Aṣọ ẹtù ló fi èyí hàn mí jù lọ. Aró èlú nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Òwú tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀mélòó kan péré á jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n rì lárìítúnrì á dúdú kirikiri. Wọ́n á wá fi ilà fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun tín-ín-rín la inú dúdú náà kọjá. Láti òkèèrè, dúdú ni o máa rí. Sún mọ́ ọn, ilà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí wínníwínní ara ẹyẹ ẹtù. Mi ò tíì rí aṣọ aláwọ̀ mẹ́fà kan tó fún ojú níṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, tí àwọn aláṣọ kì í sì í kíyè sí, ni etí. Aṣọ òfì kì í fẹ̀: bí ínṣì mẹ́rin ni ti àtijọ́, wọ́n á sì rán wọn pọ̀ ní etí sí etí kó tó di ìró tàbí agbádá. Ká ní òwú mẹ́jọ aláwọ̀ ìyeyè wà ní àárín, òwú mẹ́jọ sì tún wà ní etí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rán an tán, ìyeyè ojú rírán á di mẹ́rìndínlógún, á sì borí ti àárín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ta mẹ́rin mẹ́rin sí etí, kí rírán fi wọ́n ṣe ilà kan ṣoṣo tó bá ti àárín dọ́gba. Ọgbọ́n yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára aṣọ, kí n tó wo àwọ̀ rẹ̀.

Ó rọrùn láti kó aṣọ sányán, àlàárì àti ẹtù sábẹ́ funfun, pupa àti dúdú, kí a ní àwọ̀ mẹ́ta Yorùbá ló bí wọn. Mi ò fara mọ́ ọn. Sányán kì í ṣe funfun. Àwọ̀ ilé tí kòkòrò inú igbó fi òwú ara rẹ̀ kọ́ ló jẹ́, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ṣe lò ó. Sílíìkì pupa àlàárì gba aṣálẹ̀ kọjá láti òkè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ ló ṣa àwọ̀ fún àwọn baba wa. Lónìí, kò sí àwọ̀ òwú tí kò sí lọ́jà, àwa fúnra wa ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ó ti dúró. Òwú tó ń dán bíi wúrà ńkọ́? Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Bí ó bá pọ̀ nínú títa, àwọ̀ méjì tí o fi sùúrù ṣà kò ní hàn mọ́.

Ọnà nìkan ni òwú ọ̀kọ̀ ti ń jọba. Bí ahunṣọ bá ń fi òwú mìíràn kún un, tó ń jẹ́ kó fò lórí òwú títa, ibẹ̀ ni ó ti ń ya wàláà, ìyẹn pátákó ìkéwú, sí ara aṣọ. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń fi òfì ìnàró tiwọn ya ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì sí ara aṣọ olónà. Ẹni tó bá fẹ́ ọnà, kó jẹ́ kí ilẹ̀ aṣọ dákẹ́. Ilà aláràbarà lábẹ́ ọnà máa ń já ọnà sí wẹ́wẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ọnà ló wà fún títà: aṣọ ìtagbè jẹ́ ti ẹgbẹ́ Ògbóni, kò sì tọ́ kí a fi ọnà rẹ̀ ṣe gèlè nítorí pé ó rẹwà nínú àwòrán.

Bí mo bá fẹ́ dá aṣọ, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ hun. Màá gé e sí méjì, màá rán an pọ̀ ní etí, màá gbé e síta lọ́sàn-án, màá sì lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó. Bí ilà kan bá ń pariwo níbẹ̀, a ó dín òwú rẹ̀ kù kí wọ́n tó ta ti gbogbo aṣọ.