Ibo Ni Ère Tó Kú Ń Lọ?

Ní ọdún 1913, H. G. Wells, ọ̀gbẹ́ni tó kọ The Time Machine, gbé ìwé pélébé kan jáde tó pè ní Little Wars. Ó ti lé ní ẹni ọdún 45 nígbà náà, ó ti lókìkí, ó sì ti bímọ. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni bí àgbàlagbà ṣe lè dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá, kó máa fi àgbá ìṣeré wó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi òjé ṣe lulẹ̀. Ó ní òfin o. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ á rin ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹlẹ́ṣin á rin méjì. Wọ́n á ta aṣọ sáàárín kí ẹnì kan má bàa rí bí èkejì ṣe ń to ogun tirẹ̀. Wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú mọ́ ọ lórí, tí àsìkò bá ti pé, ọwọ́ kúrò nílẹ̀. Púpọ̀ nínú òfin eré ogun orí tábìlì tí àwọn èèyàn ń ṣe lónìí, ìdí ìwé yìí ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

A fẹ́ràn ìwé náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn ṣáájú. Wells mọ̀ pé eré ọmọdé lòun ń ṣe, kò sì díbọ́n. Ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó ń ròyìn ogun orí kápẹ́ẹ̀tì bí ọ̀gágun tó ń fọ́nnu nílé ọtí. Àkọlé ìwé náà gan-an jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọkùnrin ló kọ ọ́ fún, ó wá fi àyè gín-ńgín sílẹ̀ fún irú ọmọbìnrin tó bá gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. (Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ obìnrin, tó sì máa ń nà wá bó ṣe wù ú lórí tábìlì, kà á tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà.") Nígbà tó sì fẹ́ parí ìwé, Wells rọ gbogbo àwọn tí ọwọ́ ń yún láti jagun pé kí wọ́n wá jà á nínú yàrá, kí wọ́n fi ayé sílẹ̀ kó sinmi. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1914 yẹn kan náà ni bàbá yìí tẹ ìwé mìíràn jáde tó ń sọ pé ogun yìí gan-an ni yóò fi òpin sí ogun. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Kì í ṣe Wells ló kọ́kọ́ dá eré náà sílẹ̀. Àwọn ológun Prussia ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí máàpù láti 1824, nígbà tí ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Reisswitz parí ohun tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: dáìsì, adájọ́ láàárín, àṣẹ tí wọ́n ń kọ sórí ìwé. Ti Prussia, ẹ̀kọ́ ni. Ti Wells, ìgbádùn ni. Àwa tí à ń ṣe é pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, àárín méjèèjì la wà. A fẹ́ rẹ́rìn-ín, a sì fẹ́ mọ nǹkan kan nípa bí ogun àtijọ́ ṣe lọ. Ohun tí a sì fẹ́ wádìí níbí kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àwọn òfin tí wọ́n kọ nílùú òyìnbó lè gbé ogun Yorùbá? Wọ́n gbé apá kan débi tó yà wá lẹ́nu. Wọ́n sì sọ apá kan nù pátápátá.

Òfin tí a ń lò jù ni De Bellis Antiquitatis, tí Phil Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1990. DBA ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ogun kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ 12 péré, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sórí páálí kékeré kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdánù mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Láàárín bíi wákàtí kan, eré ti parí. Ogun ayé àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, kò kọjá nǹkan bí ọdún 1500. Àwa la wọ́ ọ wá sí Òṣogbo ọdún 1840. Ère gidi, ti mílímítà 15 tàbí 28, owó gọbọi ni, ká má tíì sọ owó tí wọ́n máa fi kó o wọ̀lú, torí náà ìdérí ìgò la fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti àwọn tó ń ta dráfù lábẹ́ igi.

Ẹ wá wo ohun tí òfin yẹn ṣe. Nínú DBA, kí o tó lè sún ohunkóhun, o máa ju dáìsì kan. Iye tó bá já ni iye àṣẹ tí o ní. Tó bá já sí ẹyọ kan, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tàbí ìlà kan tó so kọ́ra, ló máa gbọ́ tìẹ. Àwọn yòókù á kàn dúró máa wò ẹ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí wa, inú bí wa. Nígbà tó di ìgbà kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí Látòóṣà. Ààrẹ Mọ́mọ̀dù Látòóṣà kó ogun Ìbàdàn lọ sí apá Ìgbájọ, ogun ọ̀hún wá di ọlọ́dún gbọọrọ, ó sì kú sí bùdó ní 1885, kò rójú rí òpin rẹ̀. Samuel Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín bùdó méjèèjì, jẹ́ ká mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ ìjòyè Ìbàdàn ò dùn sí Ààrẹ, wọn ò sì fi gbogbo ara jà fún un. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ìyẹn sínú eré? Barker ti fi sí i láì ní Ìgbájọ lọ́kàn. Dáìsì kan ṣoṣo. Olórí ogun tó ní ẹgbẹ́ 12, tó jẹ́ pé méjì péré ló ń dá a lóhùn: ìṣèlú Ìbàdàn nìyẹn lórí tábìlì, a ò sì tíì rí eré orí ìtàgé tó fi hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà dáa. Ẹlẹ́ṣin tó bá wọ igbó, òfin á yọ méjì kúrò nínú agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka bí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ṣe jẹ gàba ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí nǹkan wá le fún wọn bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ igbó, á mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ Òṣogbo gan-an, òru ni Ìbàdàn ká Ìlọrin mọ́ bùdó, kò sì sí òru nínú DBA. Lọ́jọ́ kan iná lọ, a fi tọ́ọ̀ṣì parí eré. Ọjọ́ yẹn ló jọ ogun jù.

Wàyí o, apá tí wọ́n sọ nù. Bí ẹgbẹ́ kan bá "kú" nínú DBA, o máa gbé e kúrò lórí tábìlì, o máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife míńírà rẹ. Ó tán. Ṣùgbọ́n ibo ló lọ? Nínú ayò, ìyẹn ò ṣòro. Ọmọ ayò 48 ló wà, tí o bá jẹ mẹ́rin, mẹ́rin yẹn ti di tìẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Ogun Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bíi ti ayò ló rí, kò rí bíi ti DBA. Èèyàn ni èrè ogun. Ẹni tí wọ́n bá kó kì í kúrò nínú eré rárá, ọwọ́ ẹlòmíì ló bọ́ sí. Á máa roko fún ológun tó kó o, á di ọmọ ogun nínú agbo ilé rẹ̀, tàbí kí wọ́n tà á títí dé etí òkun. Ọdún 1821 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan ní Òṣoogùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba òun àtàwọn yòókù sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé wọn lọ sí Freetown. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Lójú òfin eré, ọjọ́ tí Òṣoogùn fọ́ ni ọmọ yẹn ti kúrò lórí tábìlì. Àwọn tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò pàdé lọ́nà ńkọ́, tí wọ́n dé Bahia, tí wọ́n dé Cuba? Páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife míńírà náà ni wọ́n.

Ibi tí Wells ti fakọ yọ ju Barker lọ rèé. Òfin ìgbèkùn wà nínú Little Wars. Bí ọwọ́ bá pàdé ọwọ́, tí àwọn kan sì dá wà, tí wọn ò pọ̀ tó, wọ́n lè mú wọn, ẹni tó mú wọn sì ní láti yan ẹ̀ṣọ́ tì wọ́n. A gbìyànjú ẹ̀. Kíá ni eré yí padà: ìwọ tó kó èèyàn, apá kan ogun rẹ ti di olùṣọ́, o ò lè fi wọ́n jà mọ́. Ó ń fa ìnira fún aṣẹ́gun, ìnira yẹn sì dáa. Àmọ́ Wells náà, ibi tó mọ nìyẹn. Tí eré bá parí, ìgbèkùn padà sínú àpótí. Ká má sì gbàgbé pé nínú Floor Games, ìwé tó ṣáájú èyí ní 1911, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí erékùṣù orí ilẹ̀ yàrá, wọ́n ń ri àsíá mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́gun àwọn onílé. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, a mọ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ pa àwa lẹ́rìn-ín.

Ohun mìíràn tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ̀tù. Orí tábìlì, ẹ̀tù kì í tán, kò sì sẹ́ni tó ń bi ọ́ pé owó ta lo fi rà á. Ní Abẹ́òkúta, Tinúbú pèsè ohun ìjà nígbà tí Dahomey gbógun wá ní 1864, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde. Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá nìkan á máa rò pé ìkà ṣíṣe nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi wá, ọ̀rọ̀ àwìn yẹn wà lára ohun tó da àárín òun àti Látòóṣà rú kí wọ́n tó pa á ní 1874. Ní Kírìjì ńkọ́? Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló ran Èkìtì Parapọ̀ lọ́wọ́ láti rí ìbọn ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí. Ogun tí wọ́n fi ìró ohun ìjà sọ lórúkọ, ọjà àti ọ̀rẹ́ ló gbé e ró.

A wá dá òfin tiwa sí i. Ẹnì kan láàárín wa kì í jà. Òun ló ni ẹ̀tù. Ẹ̀wà ni ẹ̀tù. Ó lè tà á, ó lè yá ọ, ó lè ní òun ò ṣe. Ọ̀rẹ́ wa obìnrin yẹn ló gba ipò náà, láàárín oṣù méjì gbogbo wa ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sì sógun tó ń lọ tí kò bá fọwọ́ sí i. Eré Kírìjì tó dáa jù tí a ṣe, òun ló borí, kò sì ní ọmọ ogun kan ṣoṣo.

Òfin kan wà tí a gbé jù sílẹ̀. The Sword and the Flame lorúkọ ẹ̀, Larry Brom ló kọ ọ́ ní 1979, ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Áfíríkà àti Íńdíà ló dá lé. Ẹ má gbọ́ ọ bíi pé eré burúkú ni. Ó dùn. Káàdì pupa àti dúdú ló ń sọ ẹni tó kàn láti rìn, ọkàn rẹ á máa lù kìkì bí o ṣe ń ṣí i. A ní ká fi ṣe Ìmàgbọn, oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọjá odò Yemoji wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ìbọn Maxim. Ìṣòro méjì la bá pàdé. Àkọ́kọ́, sinimá ló wà lọ́kàn òfin náà: òyìnbó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, "ọmọ ìbílẹ̀" tó ń sáré bọ̀ wá bá ìbọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Gold Coast, Haúsá láti Èkó, àti àwọn ará Ìbàdàn pàápàá wà lábẹ́ àsíá yẹn. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú "ogun òyìnbó" ọ̀hún. Ìjẹ̀bú náà ò sì fi idà sáré wá bá ẹnikẹ́ni, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n di ọ̀nà odò mú. Ìkejì ni pé lẹ́yìn tí Maxim ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ ju dáìsì mọ́. Ẹni tó di Gẹ̀ẹ́sì mú ló kọ́kọ́ ní ká kó o nílẹ̀. A jẹ ìrẹsì, a lọ sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná láàárín wa ni òfin ìgbèkùn. A ti pinnu pé ẹgbẹ́ tó bá sọ nù lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á jáde nínú ogun ẹni tó kó o, pẹ̀lú àmì ọ̀dà funfun lórí ìdérí ìgò rẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Bí ogun Ìbàdàn ṣe ń sanra gan-an nìyẹn. Àfi ìgbà tí a ṣe é fún ìgbà kejì, tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà na ọwọ́, tó gba ìdérí náà padà. Wọ́n kó ìyá ńlá kan nínú ìdílé wọn wá sí Ìbàdàn láyé ogun, ó sọ fún wa, kò sì fẹ́ rí i kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹni bẹ́ẹ̀ jà lórí tábìlì, kó tún wá máa yọ̀. Òmíràn nínú wa, tí wọ́n bí tó sì dàgbà ní Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, fèsì pé gbígbé e kúrò nílẹ̀ gan-an ni irọ́ tí àwọn ìwé òyìnbó ń pa, pé ó sàn ká rí i ju ká fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife lọ. Àwọn méjèèjì ò gbà fún ara wọn. Títí di báyìí, àwọn ìdérí ọlọ́dà funfun yẹn wà nínú àwo kan láàárín tábìlì, wọn ò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi gbogbo ilé.

Ìjàyè ló kàn, 1860 sí 1862. Ebi jà níbẹ̀ bí ìbọn ṣe jà, kò sì sí ebi nínú ìwé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ yìí. À ń wá bí a ó ṣe fi ẹ̀wà kan náà ṣe oúnjẹ àti ẹ̀tù, kí olórí ogun yan èyí tó máa yìn àti èyí tó máa sè. Ìyálóde wa ti ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní fún Kúrunmí láwìn.