Tutùọlá àti Àsìkò Tó Fi Àná Mọ́ Òní

Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta kọ, jáde. Àwọn òyìnbó kan yìn ín. Akéwì Dylan Thomas wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, wọ́n ní yóò dójú tì wá. Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn. Ọ̀nà tí Tutùọlá gbà lo ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tó ti kọjá ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Nínú gírámà Yorùbá, a máa ń kọ́ nípa àsìkò afànámónìí. Orúkọ yìí ṣàlàyé ara rẹ̀: ó fi àná mọ́ òní. "Adé lọ" ti kọjá. "Adé mọ̀ mí" jẹ́ ti ìsinsìnyí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kankan kò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti di àná, "go" gbọ́dọ̀ di "went", "know" gbọ́dọ̀ di "knew". Bí a bá wo ìtàn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ní Ìgàndó níbí, "went" kì í sábà dà wá láàmú. Orí "know", "want" àti "like" ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀, nítorí pé etí Yorùbá ń gbọ́ irú wọn bí ohun tó ṣì wà nílẹ̀.

"Ti" náà ń kọ́? "Ó ti lọ" lè jẹ́ "has gone", ó sì lè jẹ́ "had gone". Bí a bá ní "nígbà tí mo dé, ó ti lọ", "nígbà tí mo dé" ló yanjú rẹ̀. Bákan náà ni kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà lè fi "don" inú Pijin ròyìn odidi ìjà, tí kò sì ní sí èrò tí yóò bi í pé èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Tutùọlá. Olú ẹ̀dá-ìtàn ní láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun ti jẹ́ ọ̀mu. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò retí "had been". "Was" ni Tutùọlá kọ. Ìtumọ̀ kò sọnù, nítorí "since" ló gbé ìgbà dání, bí "láti" ṣe máa ń gbé e fún wa. Lẹ́yìn èyí, ó ní bàbá òun fún òun ní oko tó ní igi ọ̀pẹ 560,000, pé adẹ́mu ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 láràárọ̀, òun á sì ti mu ún tán kí aago méjì ọ̀sán tó lù. "Would have" ló lò níbẹ̀, ó sì lò ó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ó le ju "had been" lọ. Ẹni tó mọ ìyẹn kì í ṣe òpè. Iye àti aago ló fi ń di ìtàn rẹ̀ mú, òǹkàwé kì í sì í ṣìnà.

Mi ò sọ pé "had" kò wúlò. Nínú Things Fall Apart (1958), Chinua Achebe fi í padà sẹ́yìn lọ sọ̀rọ̀ ikú Unoka, bàbá Okonkwo, láì da ìtàn rú. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká náà túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó ní láti yan àsìkò fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí Fágúnwà kò yí padà ní 1938. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n yàn.

Ṣùgbọ́n nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 10 péré ni ti àṣìṣe gírámà àti sípẹ́lì. Kí ló dé tí bírò pupa fi ń ka "was" àti "had" nìkan, tí kì í sọ ohunkóhun nípa ìtàn? Ẹni tó mọ ìtàn sọ dáadáa lẹ́nu á wá máa kọ gbólóhùn kúkúrú tí kò léwu, ìtàn á sì kú.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi afànámónìí kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè rí ibi tí èdè méjèèjì ti yà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní kí ọmọ má sọ Yorùbá nílé kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára, ẹ tún un rò. Yorùbá kọ́ ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Àìmọ ìyàtọ̀ wọn ni.