Ìkíni Kọjá Àkọ́sórí: Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àjòjì Ní Yorùbá Ojoojúmọ́

Ní ọdún 1977 ni Ìjọba Àpapọ̀ gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ jáde, tí ó ní kí a gba ọmọ kọ̀ọ̀kan níyànjú láti kọ́ ọ̀kan nínú èdè Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, yàtọ̀ sí èdè abínibí rẹ̀. Ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ní 1973. Àwọn àjòjì tí ó fẹ́ gbọ́ Yorùbá kò wọ́n ní kíláàsì wa àti ní ọjà wa, ìwé pélébé sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú lọ́wọ́: òyìnbó lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún. Ẹ káàárọ̀. Báwo ni? Èló ni? Ẹ ṣé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti bí àwa olùkọ́ ti ń lò ó, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Àléébù rẹ̀ kìn-ín-ní ni pé ó sọ ìkíni di àkọ́sórí. Ẹni tí ó há ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́ sórí rò pé ohun mẹ́ta ni òun mọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni òun gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kú ni òpó ìkíni wa. Ohun tí ẹnì kejì ń ṣe, ibi tí ó wà, tàbí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni a ń fi tẹ̀ lé e: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà, ẹ kú òjò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìlànà yìí yóò lè dá èyí tí olùkọ́ kò kọ́ ọ sílẹ̀. (Bí ó bá lọ wo kú nínú ìwé atúmọ̀-èdè, tí ó bá ti òkú pàdé, kí olùkọ́ rẹ̀ tètè fi í lọ́kàn balẹ̀.) Àrokò bọ́dún dé tí a fi ń kí àgbẹ̀, àti ojú gbooro tí a fi ń kí onídìrí, n kò tilẹ̀ retí wọn nínú ìwé pélébé mọ́.

Báwo ni? ni ó burú jù. Wọ́n fi túmọ̀ ohun tí òyìnbó ń béèrè nígbà tí ó bá pàdé ènìyàn, wọ́n sì gbé e sí ojú ewé kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ ẹni ni a ń sọ ọ́ fún. Àgùnbánirọ̀ tí ó dúró ṣánṣán, tí ó sọ báwo ni sí bàbá arúgbó, kò ṣi ohùn, kò ṣi gírámà. Ó kàn rí àgbà fín ni, ìwé rẹ̀ ni ó sì rán an. Ìwé náà kò sọ fún un pé ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ jẹ́ ara gbólóhùn, tàbí pé a óò béèrè ilé, a óò béèrè ọmọ, kí a tó sọ ohun tí a bá wá.

Ní Ọ̀tùn-Èkìtì níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹsẹ̀ mìíràn. Ìwé ní ẹ ni fún àgbà, o fún ọmọdé. Ó tọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, arọ́pò-orúkọ ẹyọ ni a ti ń lò fún ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ bàbá ẹni, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ tí ó bá gbọ́ ọ yóò ní ọmọ Èkìtì kò lẹ́kọ̀ọ́. Àjòjì tí ó bá gbọ́ ọ yóò ní ìwé òun purọ́. Bákan náà ni yóò gbọ́ ulé àti ugi ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Èmi kò ní kí a máa fi Èkìtì kọ́ àjòjì dípò àjùmọ̀lò. Gbólóhùn méjì ti tó láti ta á lólobó. Àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà tí ń bẹ ní oko Èkìtì kò rí ìwé kankan gbà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ń bá wa sọ ọ́ yékéyéké.

Kì í ṣe pé ìwé gidi kò sí. Yoruba Basic Course ti Stevick àti Aremu (1963), àti Teach Yourself Yoruba ti Rowlands (1969), ka akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹni tí ó ní làákàyè. Ti Rowlands gbẹ díẹ̀ lójú tèmi; ẹni tí ó kà á tán lè tú gbólóhùn palẹ̀ kí ó tó lè ra ata. Jẹ́ K'Á Sọ Yorùbá tí Schleicher kọ ní 1993 sún mọ́ ohun tí mo ń wí, nítorí pé ìtàkùrọ̀sọ àti àṣà wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ti rí irú èyí. Aloha ti Hawaii di ọ̀rọ̀ orí ẹ̀wù fún arìnrìn-àjò afẹ́, nígbà tí èdè náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu ọmọdé. Ní New Zealand, ní 1984, wọ́n bá obìnrin Maori kan, Naida Glavish, tí ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù, wí nítorí pé kia ora ni ó fi ń kí àwọn tí ń pè. Kò gbà láti fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ méjì péré! Ṣùgbọ́n ìkíni nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gba èdè wọn là. Láti 1982 ni wọ́n ti dá kōhanga reo sílẹ̀, èyí tí í ṣe ìtẹ́ èdè, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń fi Maori bá ọmọ kéékèèké ṣeré, tí wọ́n fi ń bọ́ wọn, tí wọ́n fi ń bá wọn wí. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ níbẹ̀ kò ní apá òsì àti apá ọ̀tún.

Ìdánwò wa ni ó ń bọ́ àìsàn yìí. A ń bi akẹ́kọ̀ọ́ pé báwo ni a ṣe ń kí ẹni tí ó bímọ. Ó kọ ẹ kú ewu ọmọ, ó gba máàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì la ẹnu kí ẹnikẹ́ni rí. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa bá àwọn tí ń ṣètò ìlànà-ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kí ìdajì máàkì Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè kejì jẹ́ ti àfẹnusọ. Kí olùdánwò jókòó bí ìyá ọlọ́jà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kí i, kí ó ná ọjà, kí ó dúpẹ́, kí ó sì jáde láìwo ìwé. Kíláàsì wa kún, mo mọ̀, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti sáà kìn-ín-ní, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ó má di ọjọ́ ìdánwò.