Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Ìgbì? Lámèyítọ́ lórí Ìṣètò Sígínà Ọlọ́pọ̀ Ìgbì

Láti ọdún 1966 tí R. W. Chang ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà ọlọ́pọ̀ ìgbì kalẹ̀, ìyìn ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fún un, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Dípò kí wọ́n fi ìgbì kan ṣoṣo ru ọ̀rọ̀ ní ìkánjú, wọ́n pín in sórí ọ̀pọ̀ ìgbì tí ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ètò wọn sì rí bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé níbi tí ọ̀kan bá ti dé góńgó ni àwọn yòókù ti wà ní òfo. Weinstein àti Ebert fi ìṣirò Fourier mú un rọrùn ní 1971. Cimini fi hàn ní 1985 pé ó yẹ fún fóònù alágbèéká. Òun ni LTE àti 5G gùn lónìí.

Ìlẹ̀ Àkúrẹ́ fi àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Láti Ìdànrè títí dé Ìkéré-Èkìtì, àpáta kò wọ́n. Àárín àwọn méjèèjì ni Ìta-Ògbólú wà. Sígínà kan náà lè dé ọ̀dọ̀ fóònù tààrà, kí gbohùngbohùn rẹ̀ tún ti ara àpáta dé lẹ́yìn náà. LTE fi àlàfo ìdáàbòbò sílẹ̀ fún èyí, ìwọ̀n ìdá 4.7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìwọ̀n àkókò yẹn, sígínà ti rin nǹkan bí kìlómítà 1.4, gbohùngbohùn tí ọ̀nà rẹ̀ bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn yóò ba ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e jẹ́. Àlàfo gígùn wà tí ó tó kìlómítà 5, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún àkókò ni ó ń jẹ, nígbà tí ti kúkúrú ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibi tí lámèyítọ́ ti yẹ kí ó dúró pẹ́ ni ọ̀rọ̀ agbára. Àwọn kan máa ń fi ìlànà yìí wé ẹgbẹ́ onídùndún. Àfiwé náà dùn, ṣùgbọ́n kò rìn jìnnà: ìyáàlù àti gúdúgúdú ń gbọ́ ara wọn, ìgbì kò gbọ́ ara wọn. LTE tí ó gba 20 MHz ní ìgbì 1,200. Bí gbogbo wọn bá ṣe kòńgẹ́ ní góńgó, tí agbára wọn sì dọ́gba, agbára ìṣẹ́jú náà yóò di ìlọ́po 1,200 agbára àárín. Èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀rọ kò lè fojú fò. Nítorí góńgó wọ̀nyí, áńpílífáyà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ jìnnà sí òpin agbára rẹ̀. Oríṣi B tí ó lè sọ ìdá 78.5 nínú 100 iná tí ó jẹ di sígínà yóò bọ́ sí nǹkan bí 25 bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyókù di ooru. Ọgbọ́n tí Doherty dá ní 1936 dín àdánù yìí kù, kò pa á rẹ́.

Níbi tí iná ìjọba kì í dúró, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń gbé òpó ró, epo dísẹ́ẹ̀lì ni àdánù yìí. Síbẹ̀ àwòrán tí àwọn oníwádìí sábà máa ń yà, èyí tí ó ń fi hàn bí àṣìṣe ṣe ń dín kù bí sígínà bá ti ń borí ariwo, agbára tí ó dé ọ̀dọ̀ olùgbà nìkan ni ó ń wọ̀n. Ohun tí áńpílífáyà jẹ kí sígínà tó jáde kò sí níbẹ̀. Ìlànà méjì lè dọ́gba lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan sì jẹ epo ju èkejì lọ. Ó yẹ kí iye ọ̀rọ̀ tí lítà epo kan lè gbé jáde wà lórí àwòrán kan náà.

A kò lè sọ pé àwọn tí ó ṣètò LTE kò mọ̀. Nínú Release 8 ti 2008, wọ́n yọ fóònù kúrò lábẹ́ ẹrù náà: ìlànà tí ó jọ ti onígbì kan ni wọ́n yàn fún ohun tí fóònù ń rán lọ sí òpó, kí bátìrì má baà tètè tán. Òpó ni wọ́n fi ẹrù sílẹ̀ fún. Release 15 ti 5G ní 2018 fi ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ fún fóònù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yan èyí tí yóò lò nínú wọn. Òpó kò rí irú yíyàn bẹ́ẹ̀ gbà.