Ásípírìn fún Àgbàlagbà Ẹlẹ́jẹ̀ Ríru: Àyẹ̀wò Ìwádìí HOT àti ASPREE

Ìwádìí HOT, tí Hansson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní ọdún 1998, wà lára àwọn òpó tí ó gbé èrò náà ró pé ó yẹ kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa lo ásípírìn kékeré lójoojúmọ́. Ènìyàn 18,790, láti ẹni ọdún 50 sí 80, ni ó kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 26. Ìdajì wọn lo ásípírìn mílígíráàmù 75. Ìdajì yòókù lo hóró tí kò ní agbára kankan nínú. Èyí tí ó gba ẹnu kan nínú àbájáde rẹ̀ ni pé ásípírìn fi ìdá 15 nínú 100 dín ìjàǹbá ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ìdá 15 nínú kí ni? Bí ènìyàn bá ka orí, 368 ni ìjàǹbá bá nínú àwọn tí kò lo ásípírìn, 315 nínú àwọn tí ó lò ó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 53 lọ, nínú ẹni bí 9,400 ní apá kọ̀ọ̀kan, fún ọdún tí ó sún mọ́ mẹ́rin. Ní ti ẹ̀jẹ̀ dídà tí ó le ṣùgbọ́n tí kò pa ni, 129 ni ó bá àwọn alásípírìn, 70 ni ó bá àwọn yòókù: àfikún 59. Ti rọpárọsẹ̀, tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń bẹ̀rù jù, kò dín kù rárá. Hansson kò fi èyíkéyìí nínú èyí pamọ́. Àwọn tí wọ́n mú iye kan, tí wọ́n fi èkejì sílẹ̀, ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n tún gbàgbé pé gbogbo àwọn tí ó kópa ni ó ń lo oògùn tí ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ásípírìn kì í ṣe iṣẹ́ yẹn. Dídì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. (Ríru ọ̀tọ̀, dídì ọ̀tọ̀.) Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì ga tí ó wá gbẹ́kẹ̀ lé ásípírìn nìkan ń pe ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ọpọlọ.

ASPREE, tí ó jáde ní ọdún 2018, sún mọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ju HOT lọ. Ènìyàn 19,114 ni, ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, ẹni 70 ọdún sókè ni púpọ̀ jù lọ. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sí èyí tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí. Nínú ẹni 1,000 lọ́dún kan, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ bá 10.7 nínú àwọn alásípírìn, 11.3 nínú àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ yìí kò tó èyí tí a lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára èèṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídà tí ó le jẹ́ 8.6 sí 6.2.

Aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nínú ASPREE. Àléébù kan nìyẹn. Èkejì ni pé kò dá lórí àwọn tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí, tí dókítà sì fún ní ásípírìn nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ USPSTF ti Amẹ́ríkà ní kí ẹni 60 ọdún sókè tí kò ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. “Bẹ̀rẹ̀” ni wọ́n wí. Ti ẹni tí ó ti ń lò ó láti ogún ọdún di ọ̀rọ̀ òun àti dókítà rẹ̀.