Olóhùn Lọ, Gírámà Kù: Egypt 80 Lẹ́yìn Fẹlá

Àwọn àgbà ní baálé kú, ilé di ahoro. Àwọn àgbà yìí kan náà ló tún ní bí iná bá kú, a feérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èwo la fẹ́ gbà nínú méjèèjì tó bá di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin? Ìbéèrè yìí ló wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti lọ wo Egypt 80, ẹgbẹ́ tí Fẹlá Aníkúlápó-Kuti fi sáyé lọ, ní New Afrika Shrine ní Agídíńgbí.

Láti Ajúwọ́n tí mò ń gbé, ibẹ̀ ò jìnnà. Ẹ gba Akútè sí Alágbọlé, ẹ já sí Ojódù Berger, ẹ wọ Ìkẹjà, ó parí. Àmọ́ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ti ń gbọ́ àwo Fẹlá láti ìgbà tó wà ní yunifásítì, ìrìn náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú. Ta la wá fẹ́ lọ wò?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú orin tí à ń wí. Láàárín ọdún 1970 sí 1976, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn irú orin rọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní progressive rock. Orin ibẹ̀ kì í ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Close to the Edge tí ẹgbẹ́ Yes gbé jáde ní 1972 gba ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù gbáko. Àwa náà ní tiwa níhìn-ín. Confusion tí Fẹlá gbé jáde ní 1975, orin ẹyọ kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì àwo, ó lé ní ìṣẹ́jú 25. Ọ̀nà àwọn méjèèjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìn síra. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wá sí Èkó, òun àti Fẹlá sì ní àwo kan ní 1971. Berkley Jones àti Laolu Akins bá Baker yìí ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt kí àwọn àti Mike Odumosu tó dá BLO sílẹ̀.

Ibi tí Fẹlá ti yàtọ̀ ni pé orin tó bá ti wọ inú àwo, kì í sábàá ṣe é mọ́ lórí ìtàgé. Ẹ rò ó wò. Èèyàn ra àwo, ó gbọ́ ọ títí ó fi mọ ibi tí fèrè ti máa fọhùn, ó wá wọkọ̀ lọ wo olórin náà, olórin sì ní ti èyí ti parí, òmíràn ló kù. Ìwà àìbìkítà ni àwọn kan pè é. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ti wúlò díẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè yàtọ̀ sí ẹni tó há gbólóhùn èdè náà sórí. Ayékòótọ́ lè kí yín kó dùn létí, àmọ́ ẹ bi í léèrè bóyá òjò rọ̀ lánàá. Ẹni tó gbọ́ èdè ní gírámà lọ́kàn, ìyẹn àwọn òfin tí ojú ò rí, tó fi ń hun gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí, tí a ó sì gbọ́ ọ yé. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa níhìn-ín ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn wà lọ́wọ́ wọn, gírámà ti ń lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí nípa èdè wa náà ni mo gbé lọ sí Shrine.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, gbólóhùn ni. Ẹgbẹ́, gírámà ni. Ohun tí Fẹlá ń sọ fún wa nígbà tó kọ̀ láti tún orin inú àwo ṣe nìyẹn.

Ohun tí àwo ò lè fi hàn wá ni mo rí níbẹ̀. Béèsì gìtá sọ gbólóhùn kúkúrú kan, ó sì ń tún un sọ. Gìtá kejì, èyí tí àwọn olórin ń pè ní téńọ̀, dá a lóhùn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bọ́ sí àárín wọn. Ìlù gbé gbogbo rẹ̀ rù. Fèrè ò tíì sọ nǹkan kan o. Ó pẹ́ kí fèrè tó dé, ó tún pẹ́ ju ìyẹn lọ kí akọrin tó la ẹnu. Létí, gbogbo rẹ̀ dà bí odò tó ń ṣàn. Àmọ́ tí ojú bá wà níbẹ̀, a ó rí i pé àlàfo ni wọ́n ń fún ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ tán. Olúkúlùkù dá ọ̀rọ̀ sí kí ẹnì kejì lè rí àyè wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni kò bá Fẹlá ṣeré rí. Ta ló kọ́ wọn? Ẹgbẹ́ ló kọ́ wọn, bí agbo ilé ṣe ń kọ́ ọmọ lédè.

Nígbà ayé Fẹlá gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni. Koola Lobitos di Africa 70, Africa 70 di Egypt 80. Tony Allen tó ń lùlù tí ayé ń yìn ín fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, orin ò dúró. Lékan Animashaun, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ani, bá wọn bọ̀ láti Koola Lobitos dé àkókò Ṣeun. Ṣeun fúnra rẹ̀ ti ń bá bàbá rẹ̀ gorí ìtàgé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àṣà rẹ̀ ni pé orin bàbá rẹ̀ kan ló fi ń ṣíde, kó tó bọ́ sí tirẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbà ni. Ẹni tí ò júbà ò mọ ibi tó ti wá, àmọ́ ẹni tó bá sọ ìbà di gbogbo eré, kò ṣeré. Ohun tí Musiliu Haruna Ishola ṣe náà nìyẹn nínú àpàlà: gírámà bàbá rẹ̀ ló jogún, Ṣọ̀yọ̀yọ̀ sì jẹ́ gbólóhùn tirẹ̀.

Mi ò ní ṣàìsọ ibi tó kù sí. Lórí àwo, Ṣeun ń kánjú. Black Times (2018), tí Carlos Santana ta gìtá nínú rẹ̀, dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú 10, àlàfo tí mo wí yẹn ò rí àyè tó. Orí ìtàgé ló ti ń gba àkókò rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ọ̀rọ̀. Òwe ni bàbá rẹ̀ sábà máa ń gùn: ta ni ò mọ̀ pé omi kò lọ́tàá ló di Water No Get Enemy? Níbi tí Ṣeun bá ti rí òwe gùn, bíi Theory of Goat and Yam, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọni lára. Níbi tó bá ti ń pariwo ìjà lásán, ó ń dà bí pátákó olóṣèlú.

Àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ké pe Zombie títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Ó yé mi. Ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń pè. Ẹgbẹ́ Yes náà, ẹni tó kù nínú ẹgbẹ́ tó sì bá wọn dá a sílẹ̀, Chris Squire, kú ní 2015. Síbẹ̀ ní 2022 wọ́n tún ń ṣe Close to the Edge láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún àwọn tó fẹ́ràn wọn. Ìyẹn náà níyì tirẹ̀, mi ò bú wọn. Àmọ́ tí Egypt 80 bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóru gbogbo, wọn ì bá ti rú òfin ẹni tó dá wọn sílẹ̀.

Èwo wá la gbà nínú òwe méjèèjì? Baálé tó bá fi gbólóhùn nìkan sílẹ̀, ilé rẹ̀ á di ahoro. Èyí tó bá fi gírámà sílẹ̀, ọmọ á máa sọ ọ̀rọ̀ tuntun nínú ilé náà, a ó sì mọ ohùn ilé ta ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ wò wọ́n, ẹ má wo ẹni tó ń kọrin nìkan. Ẹ wo onítéńọ̀ gìtá. Ọwọ́ rẹ̀ ò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, kò sì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Òun ló ń ṣọ́ ilé.