Orúkọ, Ìwé àti Orírun: Lámèyítọ́ lórí Ẹ̀rí Tí Wọ́n Fi Ń Tọpa Ìdílé Àgbẹ̀ Mẹ́nónáìtì ní Ilẹ̀ Yúróòpù

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Irú èrò yìí ló ń darí àwọn ìwé ìtàn ìdílé tó pọ̀ rẹpẹtẹ láàárín àwọn Mẹ́nónáìtì, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ Menno Simons, àlùfáà ará Friesland tó kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì ní 1536, tó sì kú ní 1561. Ìjọ yìí kì í ṣe ìtẹ̀bọmi fún ọmọ ọwọ́. Wọn kì í gbé ohun ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í búra. Ìgbàgbọ́ wọ̀nyí ló sọ wọ́n di aṣíkiri, àwọn náà ló sì mú kí ìtọpa ìran wọn ṣòro.

Ẹ̀ka Mẹ́nónáìtì méjì ló gbajúmọ̀ jù ní Yúróòpù. Ọ̀kan ṣẹ̀ wá láti Siwísàláńdì àti gúúsù Jámánì. Èkejì gbéra láti Nẹ́dálándì àti Flanders lọ sí ẹnu odò Vistula ní ilẹ̀ Pólàǹdì, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí gúúsù ìjọba Rọ́ṣíà, níbi tí Yukréènì wà lónìí. Ẹ̀ka kejì yìí nìkan ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀rí kan wà nínú àwọn ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì tí wọ́n kọ sílẹ̀ nítorí kí ìdílé lè mọ baba ńlá rẹ̀. Owó orí, iṣẹ́ ogun, ilẹ̀ tàbí àṣẹ ìrìnnà ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Olùtọpa tí kò bá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kọ̀wé àti ohun tí onítọ̀hún ń wá yóò sọ ète ẹlòmíràn di orírun ara rẹ̀.

2.0 Ọ̀nà tí ìdílé náà tọ̀

Ní àárín ọ̀rúndún 16, inúnibíni gbígbóná lé ọ̀pọ̀ onítẹ̀bọmi àgbà kúrò ní Nẹ́dálándì àti Flanders. Menno fúnra rẹ̀ bẹ àwọn tó ti dé Prussia wò ní 1549. Ní 1562, ìdílé Loitz, tí í ṣe oníṣòwò owó, pe àwọn àgbẹ̀ Mẹ́nónáìtì wá sí agbègbè Tiegenhof tó wà ní ìkáwọ́ wọn. Irà àti àbàtà ni ilẹ̀ náà, apá kan rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Àwọn àlejò yìí mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri erùpẹ̀ dí omi, bí wọ́n ṣe ń la ipa omi, àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí fa omi kúrò lóko. Ìdí nìyí tí àwọn onílẹ̀ fi gbà wọ́n. Ìwé àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ti ogójì ọdún, ló so wọ́n mọ́ ilẹ̀ náà.

Nígbà tí Prussia gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbègbè yìí ní 1772, ìṣòro tuntun dé. Ilẹ̀ ni ìjọba náà fi ń ṣírò ọmọ ogun; oko tí Mẹ́nónáìtì bá rà di oko tí kò ní mú ọmọ ogun jáde mọ́. Ní 1780, Frederick Kejì fún wọn ní ìwé òmìnira kúrò nínú iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n wọn yóò máa san 5,000 thaler lọ́dọọdún fún ilé ẹ̀kọ́ ológun tó wà ní Kulm. Òfin 1789 tún dín ẹ̀tọ́ wọn láti ra ilẹ̀ kù. Nígbà yìí, Rọ́ṣíà ti ń wá àgbẹ̀. Jakob Höppner àti Johann Bartsch ti lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1786 sí 1787. Ní 1788, ìdílé 228 ṣí lọ, wọ́n sì tẹ Khortitza dó létí odò Dnieper ní 1789. Molotschna tẹ̀lé e ní 1804.

3.0 Ìwé tí kò sí

Láàárín àwọn Kristẹni mìíràn ní Yúróòpù, ìwé ìtẹ̀bọmi ni olùtọpa kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi sún mọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ àwọn òbí sì wà níbẹ̀. Mẹ́nónáìtì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá dàgbà tó láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni ìjọ tó ń tẹ̀ ẹ́ bọmi, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ létí Vistula, kò sì sí ìwé orúkọ tó lọ létòlétò ṣáájú ọ̀rúndún 18. Nígbà mìíràn, inú ìwé ìjọ Lutheran tàbí ti Kátólíìkì ni ìbí tàbí òkú wọn ti hàn, nítorí pé àlùfáà agbègbè ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn ìdílé ka àìsí ìwé yìí sí àdánù lásán, wọ́n sì máa ń yára dí àlàfo náà. Níhìn-ín ni àléébù àkọ́kọ́ wà. Àlàfo náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tó ń sọ ni pé ìdílé náà gbà pé ìbí kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ìjọ. Ẹni tó bá fi orúkọ ajẹ́rìíkú kan láti inú ìwé ńlá tí Thieleman van Braght tẹ̀ jáde ní 1660 dí àlàfo náà, kìkì nítorí pé orúkọ wọn jọra, ti yí ìwé ìgbàgbọ́ padà di ìwé ìran. Kì í ṣe nítorí kí àrọ́mọdọ́mọ lè fi wọ́n yangàn ni van Braght ṣe to àwọn ajẹ́rìíkú náà jọ. Ó ń bá ìjọ tó ti rọrùn fún wí ni.

4.0 Ìwé tí aláṣẹ kọ

Ní 1776, ìjọba Prussia ka àwọn Mẹ́nónáìtì agbègbè Vistula. Àkọsílẹ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún ìtọpa, nítorí ó fi ìdílé kọ̀ọ̀kan sí abúlé rẹ̀ ní ọdún méjìlá ṣáájú ìṣílọ sí Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ yẹ ní kíkà dáadáa. Orúkọ olórí ilé wà níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, iye àwọn ọmọkùnrin, iye àwọn ọmọbìnrin, iye àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ àti ipò ọrọ̀ ilé náà. Nǹkan tí ìjọba lè gbà lọ́wọ́ ilé ni ìjọba kọ. Ìyàwó àti ọmọ di iye. Baba nìkan ló ní orúkọ, àfi bí opó bá jẹ́ olórí ilé.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú àwọn àwòrán igi ìdílé tí wọ́n yà láti inú rẹ̀: ìlà baba nìkan ló máa ń gùn. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ opó tàbí ọmọbìnrin ni oko ti máa ń bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkùnrin tó bá fẹ́ opó yóò di olórí oko náà, orúkọ ilé yóò yí padà, ẹran ọ̀sìn àti erùpẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé orúkọ yóò rò pé ìdílé ti kú tàbí ti ṣí lọ.

Orúkọ fúnra rẹ̀ tún jẹ́ pańpẹ́. Orúkọ ìdílé wọn kò pọ̀: Dyck, Penner, Wiens, Friesen, Wiebe àti díẹ̀ sí i ló ń yí po. Orúkọ àbísọ wọn náà kò pọ̀: Peter, Jakob, Johann, Heinrich, Anna, Maria, Katharina. Kò ṣòro kí abúlé kan ní Peter Dyck méjì tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Lónìí, àká orúkọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní GRANDMA ti kó orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá so Peter kan mọ́ baba tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè da àṣìṣe náà kọ, ìtànkálẹ̀ yóò sì jọ ẹ̀rí.

5.0 Ọ̀rọ̀ tó yí ìtumọ̀ padà

Nínú àwọn àkọsílẹ̀ Vistula, wọ́n máa ń pe ìdílé kan ní ará Flanders, wọ́n á sì pe òmíràn ní ará Friesland. Ó rọrùn láti ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí orúkọ ilẹ̀ baba. Ìjà ìjọ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Nẹ́dálándì ní nǹkan bí 1567 ló gbé wọn jáde. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó sá wá láti Flanders àti àwọn onílé ní Friesland wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ ni méjèèjì dà, ọmọ Friesland sì lè wà nínú ìjọ ará Flanders.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò di asán fún olùtọpa nítorí èyí. Fún ìgbà pípẹ́, ìjọ kan kò gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ ìjọ kejì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ ibi tí baba ńlá ti wá lè sọ irú ilé tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó. Èdè náà rí bákan náà. Dutch ni wọ́n fi ń wàásù títí di àárín ọ̀rúndún 18. Èdè Jámánì ìsàlẹ̀ ti ẹnu odò náà ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹni tó bá fi èdè ìjọsìn nìkan pinnu ẹ̀yà yóò dé ibi kan. Ẹni tó bá fi èdè ilé pinnu yóò dé ibòmíràn.

6.0 Ìwé Unruh àti ìdáhùn méjì

Èyí ló gbé iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ ìwé Benjamin H. Unruh (1881–1959), tó jáde ní Karlsruhe ní 1955, lórí ìpìlẹ̀ ìṣílọ Mẹ́nónáìtì sí ìlà-oòrùn. Iyì ìwé náà kò ṣeé sẹ́. Ó tẹ àwọn àkọsílẹ̀ aṣíkiri àti ti ìkànìyàn ní Rọ́ṣíà jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí kò lè dé àwọn ibi ìkówèésí Sófíẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ gun èjìká rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ohun tó fẹ́ kí orúkọ ṣe. Àkọlé rẹ̀ so Nẹ́dálándì àti Jámánì ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ó sì ń gbìyànjú láti ti ara orúkọ ìdílé mọ orírun ẹ̀yà. Bẹ́ẹ̀, akọ̀wé Jámánì lè kọ orúkọ Dutch bí ó ṣe gbọ́ ọ, akọ̀wé Rọ́ṣíà sì lè tún un kọ. Ìbéèrè náà kì í sì í ṣe ti akadá nìkan fún Unruh. Ó bá àwọn aláṣẹ Násì ṣiṣẹ́ pọ̀ lásìkò ìjọba wọn, nígbà tí ìwé ìran di ohun tí ènìyàn fi ń gba iṣẹ́, tí ó sì ń fi ààyè gbé. Nígbà yẹn, ìtàn ìdílé Mẹ́nónáìtì di ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ Jámánì ni wọ́n. Ní ọdún 1942, ní Zaporizhzhia, nítòsí Khortitza, ẹ̀mí ni àwọn Júù fi san gbèsè irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ìdáhùn yí padà. Nǹkan bí 35,000 Mẹ́nónáìtì ló ti bá àwọn ọmọ ogun Jámánì kúrò ní Yukréènì ní 1943. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fi ipá dá padà sí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn tó kù, àjọ aláàánú Mẹ́nónáìtì láti Amẹ́ríkà àti Kánádà rọ̀ mọ́ àlàyé pé ọmọ Dutch ni wọ́n, wọn kì í ṣe ará Jámánì tàbí ará Sófíẹ́ẹ̀tì. Ní 1947, ọkọ̀ òkun Volendam kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Paraguay.

Ìdílé kan náà, orúkọ kan náà, oko kan náà létí Vistula: ó jẹ́ Jámánì ní ọdún mẹ́wàá kan, ó di Dutch ní èyí tó tẹ̀lé e. Lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn méjèèjì wé ara wọn bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn dọ́gba. Ọ̀kan bá àwọn tó ń pa aládùúgbò kẹ́gbẹ́. Èkejì wá ibi tí opó àti ọmọ rẹ̀ yóò sá sí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìran, ìkankan nínú wọn kò lè dá dúró, nítorí ìbéèrè ẹni tó di ẹnubodè mú ni méjèèjì dáhùn.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Ìtọpa tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé oko ṣáájú orúkọ: ìwé àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀, ìwé ogún, àti ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ létí Vistula. Ó gbọ́dọ̀ wá ìyàwó àti opó lọ sí ibi tí akọ̀wé fi iye rọ́pò orúkọ wọn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìgbà àti ète ìwé kọ̀ọ̀kan kí ó tó lò ó. Níbi tí ìwé bá ti tán, kí ó dúró.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ sọnù nígbà tí àwọn Mẹ́nónáìtì sá kúrò lẹ́nu odò Vistula ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Àlàfo tó ṣẹ́ kù yóò máa fa àwọn tó fẹ́ dí i. Ìdílé tó bá lè sọ pé àgbẹ̀ ni baba àwọn ní abúlé báyìí ní 1776, pé ìyàwó rẹ̀ wà nílé ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ rẹ̀, ti sọ òtítọ́ tó pọ̀ ju ti ẹni tó fa ìlà kan ṣoṣo dé ọ̀dọ̀ ajẹ́rìíkú.